Kó o tó sọ pé dígírì 14 ni, níbo lo ti kà á?

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí ètè ti ń là, tí gìgísẹ̀ ń ya, tí ara ọmọdé ń funfun bí ẹni fi ẹfun ra á bí ìyá rẹ̀ kò bá tètè fi òrí pa á. Àárọ̀ kan ò sì lọ kí àríyànjiyàn kan náà má bẹ́ sílẹ̀ nídìí alákàrà tó wà ní ìkóríta wa: báwo ni òtútù òru àná ṣe tó? Èmi náà wà lára àwọn tó ń jà á. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ka tẹ̀mómítà láràárọ̀ ní àgbàlá mi nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, tí mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Láàárọ̀ Tọ́sìdeè tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà, ìyẹn jíjó irin pọ̀, sáré dé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó! Mẹ́rìnlá! Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí ní gbogbo Ìjẹ̀bú!" Ìyá alákàrà ní kó má tan wá jẹ, pé èyí tó wà lára aago ògiri ní pálọ̀ àwọn, mẹ́tàlélógún ló ń sọ. Èmi ní 17 ni mo kà. Bàbá Tíṣà, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ jọ́gíráfì, ń fi àkàrà jẹ ẹ̀kọ wọn jẹ́jẹ́, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ọmọ mi, níbo lo ti kà á?"

"Inú fóònù ni, Bàbá."

"Mo gbọ́. Fóònù ọ̀hún ńkọ́, níbo lòun ti kà á?"

Kò sẹ́ni tó fèsì. Epo tó ń hó nínú agbada nìkan là ń gbọ́.

Mo gba fóònù náà wò. Nọ́ńbà méjì ló wà níbẹ̀. Ńlá tó wà lókè jẹ́ 18. Èyí tí wọ́n kọ wínníwínní sísàlẹ̀ rẹ̀ ló jẹ́ 14, ìyẹn sì ni bí áàpù náà ṣe ṣírò pé òtútù yóò ṣe rí lára èèyàn tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fẹ́ lù. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà láti Odogbolú lọ sí Àyépé ní aago mẹ́fà ìdájí lè búra pé ó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ara rẹ̀ ò sì parọ́ fún un, torí afẹ́fẹ́ ń gba ooru lára rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ara ń sọ, ọ̀tọ̀ ni. Ohun tí tẹ̀mómítà ń sọ, ọ̀tọ̀ ni.

18 tó wà lókè yẹn náà, ìṣirò ni. Àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá ló ń pín ayé bí ẹni pín oko fún àwọn ọmọ bàbá kan, tí ìpín kọ̀ọ̀kan máa ń fẹ̀ tó kìlómítà mélòó kan, tí wọ́n á wá fi nọ́ńbà kan ṣoṣo dúró fún gbogbo ohun tó wà nínú ìpín náà. Oko kòkó, òrùlé páànù, àbàtà, títì ọlọ́dà, gbogbo wọn di ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó gbé tẹ̀mómítà wá sí ẹ̀yìnkùlé rẹ. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má wo fóònù o. Èmi náà ń wò ó lálaalẹ́ kí n lè mọ ohun tó ṣeé ṣe kó máa bọ̀. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́, a kì í fi ohun tí a retí ṣe ẹ̀rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá alákàrà náà ò parọ́. Ògiri bíríkì ti mu oòrùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, òru ló sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú yàrá. 23 yẹn, ti pálọ̀ wọn ni, kì í ṣe ti ìta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dáwọ́ lé adìyẹ sísìn, nínú oṣù kìn-ín-ní, mo gbé igba ọmọ adìyẹ ọjọ́ kan wálé. Ọmọ adìyẹ tó wà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ń fẹ́ ooru bíi dígírì 32 sí 35 níbi tó bá sùn sí, torí kò tíì hu ìyẹ́ tí yóò fi bo ara rẹ̀. Fóònù mi ní òru ọjọ́ náà kò ní tutù ju 22 lọ. Mo ronú pé ìkòkò èédú méjì á tó. Mo ta tápólì yí ilé wọn ká, mo fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ níhà àríwá kí èéfín lè rí ọ̀nà jáde, mo bá lọ sùn.

Ariwo wọn ló jí mi ní nǹkan bí aago márùn-ún, igbe kíkankíkan tí ọmọ adìyẹ máa ń ké bí òtútù bá mú un. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Èédú ti di eérú. Ihà àríwá tí mo fi sílẹ̀ yẹn gan-an ni ọyẹ́ ti ń wọlé. Wọ́n ti wọ́ jọ sí igun kan, wọ́n gun ara wọn lórí bí òkìtì òwú, àwọn tó wà lókè ń gbọ̀n, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ọrùn wọn ò dúró mọ́. Mo ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń gbé wọn sétí mi bóyá èyí á mí. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta ló kú. Lọ́jọ́ kejì ni mo ra tẹ̀mómítà. Òru tó tẹ̀ lé e, fóònù tún sọ pé 22 ni. Tẹ̀mómítà sọ pé 17.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àṣìṣe ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀, torí ara ògiri ilé ni mo kọ́kọ́ so ó mọ́. Bàbá Tíṣà ló wá sọ fún mi pé ooru ògiri ni mò ń kà. Wọ́n sọ fún mi nípa Thomas Stevenson, ẹnjiníà ará Scotland tó ń kọ́ ilé iná tó ń ṣamọ̀nà ọkọ̀ ojú omi ní sẹ́ńtúrì 19, tó ronú àpótí tí gbogbo ayé ń lò títí dòní. Àpótí onígi ni, ọ̀dà funfun ni wọ́n ń kùn ún, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí bíi fèrèsé lúfà kí afẹ́fẹ́ lè máa gbà á kọjá láìjẹ́ pé oòrùn tàbí òjò kan tẹ̀mómítà. Ìlànà àjọ WMO, tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní àgbáyé, ni pé kí tẹ̀mómítà ga sílẹ̀ láàárín mítà 1.25 sí mítà 2, lórí koríko kúkurú, kó jìnnà sí ògiri. Kápẹ́ńtà àdúgbò wa ló bá mi kan tèmi. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí àríwá, torí ní àsìkò ọyẹ́, ìhà gúúsù ni oòrùn máa ń tẹ̀ sí, bí mo bá ṣí i lọ́sàn-án kò ní ta sí i.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n dán an wò. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é. Ra píọ́ wọ́tà tó ti dì, fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sínú ife, da omi tútù díẹ̀ sí i, rò ó pọ̀, kó o wá ki ẹnu tẹ̀mómítà bọ àárín rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yìnyín tó ń yọ́ nínú omi, 0 ni, kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn. Tèmi ń sọ 1.3. Mo dúró, mo tún rò ó, 1.3 náà ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń yọ 1.3 kúrò nínú gbogbo ohun tí mo bá kà, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà sójú ewé àkọ́kọ́ ìwé mi kí ẹni tó bá kà á lẹ́yìn mi lè mọ̀. Púpọ̀ nínú èyí tí à ń rà lọ́jà, àwọn tó ṣe é fúnra wọn ló kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó lè fi dígírì kan lé tàbí kó fi dín. Àwọn méjì tó ń sọ̀rọ̀ síra wọn bí ẹni fẹ́ jà torí 16 àti 17, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òtútù kan náà ni wọ́n kà.

Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1922, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní El Azizia ní Líbíyà pé ooru dé dígírì 58. Àádọ́rùn-ún ọdún gbáko ni ìwé fi ń sọ pé òun ni ooru tó ga jù láyé. Ní 2012, WMO yọ ọ́ kúrò. Kí ni wọ́n rí? Ó jọ pé ẹni tó kà á lọ́jọ́ náà kò tíì mọ iṣẹ́, irú tẹ̀mómítà tó lò rọrùn láti ṣì kà, ilẹ̀ tí wọ́n gbé e lé kò sì jọ aṣálẹ̀ tó yí i ká. Ìbéèrè Bàbá Tíṣà nídìí alákàrà náà ni wọ́n bi í: níbo lo ti kà á, ta ló kà á, kí ló fi kà á?

Ibi tó tún dùn jù lọ fún mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ kì í sọ nọ́ńbà kan náà. Ọyẹ́ ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ sì ń wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Afẹ́fẹ́ tí omi wà nínú rẹ̀ dà bí aṣọ ìbora fún ilẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti gbá a lọ, tí kò sì sí ìkùukùu lójú ọ̀run, gbogbo ooru tí ilẹ̀ mu lọ́sàn-án ló ń gòkè lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń làágùn lọ́sàn-án, tí a sì ń wá súwẹ́tà lóru. Ṣùgbọ́n Ìwòpìn tó wà létí ọ̀sà kò lè tutù bí Ìjẹ̀bú-Igbó, torí omi kì í tètè tutù, ọ̀rinrin sì wà nítòsí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù tún wúwo, ó máa ń ṣàn lọ sí kòtò bí omi ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìlíṣàn ń gbé ní ìsàlẹ̀ létí odò, àbúrò rẹ̀ wà lórí òkè, wọn ò jìnnà síra. Mo gbé tẹ̀mómítà kan náà lọ fún wọn ní òru méjì tó tẹ̀ léra, òru tí afẹ́fẹ́ dákẹ́ rọ́rọ́. Ìsàlẹ̀ fi dígírì méjì tutù ju òkè lọ. Wọ́n ti ń jiyàn lórí ẹ̀ látọdún tó kọjá, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń rò pé òpùrọ́ lẹnì kejì.

Ohun kan tún yà mí lẹ́nu nínú ìwé mi. Òru tí eruku nípọn jù, tí a ò rí òṣùpá dáadáa, kì í ṣe òun ló ń tutù jù. Eruku náà ń dá díẹ̀ nínú ooru ilẹ̀ dúró. Òru tí ìràwọ̀ bá mọ́ kedere, tí ewé ò sì mì, ìyẹn ni kí ẹ bẹ̀rù.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Kánádà máa ń ní kí ni 17, pé àwọn á fi bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Mo gbà fún wọn. Ilé tiwọn ní ẹ̀rọ tó ń mú un gbóná, ògiri wọn nípọn. Ilé tiwa, ooru la kọ́ ọ fún, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ páànù wọlé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ládìde, òtútù sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó máa ń gbé ìrora náà dìde. Bí mo bá rí i nírọ̀lẹ́ pé ojú ọ̀run mọ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tí tẹ̀mómítà ti ń já kíákíá kí aago mẹ́sàn-án tó lù, mo máa ń pe ìyá rẹ̀: ẹ wọ̀ ọ́ ní ìbọ̀sẹ̀, ẹ ti fèrèsé, ẹ jẹ́ kó mu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹni tó pariwo 14 lánàá tí kò rí bẹ́ẹ̀, tó tún pariwo 14 lónìí, ìyá náà ò ní gbọ́ tirẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tó bá jẹ́ òótọ́.

Ní ti "irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí" yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ohun tó wọ́pọ̀ níbì kan. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ó parí ní 2020. Ìwé tèmi ò ju ọdún mẹ́rin lọ. NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ní ibùdó tiwọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́dọ̀ wọn ni ká ti lọ béèrè ká tó fọn fèrè.

Ohun tí mo ń wá ni ẹni tó máa kọ tirẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kódà lọ́jọ́ tí nǹkankan ò ṣẹlẹ̀. Mo ń wá ẹnì kan ní Ìwòpìn, ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹnì kan ní Ìṣarà. Kó sọ ibi tó gbé tẹ̀mómítà sí, bó ṣe ga sílẹ̀ tó, ohun tó sọ nínú yìnyín, àti aago tó kà á. Ní àsìkò yìí, nǹkan bí aago méje ni oòrùn ń yọ lọ́dọ̀ wa, ìgbà yẹn ló sì máa ń tutù jù, nítorí náà ẹni tó kà á ní aago mẹ́rin tó padà lọ sùn kò tíì rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Tèmi ti àárọ̀ yìí nìyí: mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀, lórí koríko, aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. 18.4 ló kà. Mo yọ 1.3, ó ku 17.1. Kò sí ìrì lórí ewé. Afẹ́fẹ́ rọra ń fẹ́ láti ìhà àríwá. Ọmọ adìyẹ tó wà nílé jẹ́ ọgọ́rùn-ún kan ààbọ̀, gbogbo wọn ló jí.