Ẹ yéé pariwo mọṣíìnì X-ray, mọṣíìnì nìkan kọ́ ló kù wá kù

Tọ́rọ̀ ọsibítù bá ti délẹ̀ ní Àkúrẹ́ yìí, yálà nínú mọ́tò láti Gáréèjì Iléṣà dé Ọjà Ọba ni o, àbí lórí WhatsApp àwọn ọmọ ìlú, ibì kan náà la máa ń já sí: òyìnbó ní ẹ̀rọ, àwa ò ní, káwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ṣáà dáwó jọ kí wọ́n fi kọ̀ntánà kan ránṣẹ́, ó tán. Kò tán o. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fúnra wọn ti kọ ọ́ sílẹ̀ rí pé nínú ẹ̀rọ ìṣègùn tí wọ́n ń fi tọrẹ fáwọn orílẹ̀-èdè tí ò rọ́wọ́ họrí, nǹkan bíi 10 sí 30 nínú 100 péré ló ń ṣiṣẹ́ tó bá débẹ̀. Ìyókù ńkọ́? Mo mọ ọsibítù kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, tí wọ́n ti fi tapólì bo tiwọn, páálí ìbọ̀wọ́ ni wọ́n ń tò lé e lórí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ti iná: ti Amẹ́ríkà 120 volt ni, 60 Hz (ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tiwa 230, 50 Hz. Ẹ lè fi tiransifọ́mà yanjú ti volt, kì í yanjú ti Hz. X-ray sì tún ní ìwà kan, kì í jẹ iná púpọ̀ tó bá jókòó, àmọ́ ìgbà tó bá fẹ́ yà á gan-an, ká ní ẹ̀yìn àgbàlagbà tó sanra ni, láàárín ìṣẹ́jú àáyá tí ò tó ẹyọ kan ó lè fà tó 30 kilowatt, bí wáyà àdúgbò ò bá lágbára fọ́tò ò ní hàn dáadáa, ká má tiẹ̀ wá sọ ti I-better-pass-my-neighbour. Ká má sọ ti páswọ́ọ̀dù tí kọ́ńpìnnì fi ti kọ̀ǹpútà ẹ̀ pa náà.

Ẹ jẹ́ ká wá gbà pé iná wà, mọṣíìnì ń ṣiṣẹ́ rekete. Ẹ mú X-ray àyà, èyí tó wọ́pọ̀ jù. Radiographer, ẹni tó ń ya X-ray, tó bá mọṣẹ́ á ní kí Màmá dojú kọ pátákó tó ń gba fọ́tò, kí àyà wọn lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá, kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè, kí wọ́n fọwọ́ lébàdí kí wọ́n ti èjìká síwájú kí egungun ẹ̀yìn èjìká má bàa bo ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀yìn wọn ni tùùbù, ibi tí ìtànṣán ti ń jáde, máa wà, nǹkan bíi 180 sẹ̀ntímítà sí pátákó, “Màmá ẹ fà á sínú dáadáa, ẹ dá a dúró, ẹ má mí o, ẹ má mí... ó ti ṣe, ẹ mí.” Kì í ṣe eré. Iwájú ni ọkàn wà nínú àyà, tó bá fi jìnnà sí pátákó, òjìji ẹ̀ á tóbi ju òun gan-an lọ. Ẹ wá dojú Màmá kan náà kọ tùùbù, kẹ́ ẹ gbé tùùbù sún mọ́ wọn, kí wọ́n máà mí sínú tó, ọkàn tí ò ṣe nǹkan kan á fẹ̀ gbàràgàdà nínú fíìmù, àfi tí dókítà tó wò ó bá tètè rí i pé bí wọ́n ṣe yà á ló fà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Màmá á ti gbọ́ pé ọkàn wọn wú. Mọṣíìnì kan náà, ará kan náà o! Tuntun láti Jámánì ò sì lè bá Màmá gbé àgbọ̀n sókè.

Ìdí nìyẹn táwọn radiographer tí wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ káàkiri ayé kì í fi bẹ̀rẹ̀ látorí kọ̀ntánà. Ẹgbẹ́ wọn kan wà tó ń jẹ́ ISRRT, látọdún 1959, ẹgbẹ́ radiographer orílẹ̀-èdè tó lé ní 90 ló wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe jù ni ẹ̀kọ́: wọ́n á kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n á kọ́ni béèyàn ṣe ń dín ìtànṣán kù fọ́mọdé, wọ́n tiẹ̀ ní àpò owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ nìkan. Àwọn RAD-AID, ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008 ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń kó wá: iná yín ńkọ́, íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́, ta ló máa lò ó, àìsàn wo ló pọ̀ lọ́dọ̀ yín. Èyí tó wú mi lórí jù ni mọṣíìnì kan tí WHO fi ìlànà ẹ̀ lélẹ̀ fáwọn ọsibítù kékeré, WHIS-RAD, bátìrì ló fi ń ya fọ́tò, torí wọ́n ti mọ̀ pé iná ò ní sí. WHO ní X-ray lásán àti ẹ̀rọ sikáànù tí wọ́n fi ń wo aboyún lè kájú 80 sí 90 nínú 100 fọ́tò inú ara tá a nílò, àwa ń bẹ MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi òòfà ya inú ara, kiri.

Òyìnbó nìkan sì kọ́ ló ń ṣèrànwọ́ jàre. Àwọn radiographer tá a fowó ilẹ̀ wa kọ́ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù England báyìí. Wọ́n lè jókòó lálẹ́ Sátidé kí wọ́n bá àwọn tó wà nílé wo fọ́tò (ẹ yọ orúkọ aláìsàn kúrò o), ìyẹn ju ọ̀pọ̀ kọ̀ntánà lọ.

Ṣé kí wọ́n má wá fi mọṣíìnì ránṣẹ́ mọ́ ni? Kí wọ́n fi ránṣẹ́. Àmọ́ kẹ́gbẹ́ ọmọ ìlú tó bá fẹ́ ṣe é kọ́kọ́ pe ẹni tó ń ya X-ray nínú ọsibítù yẹn, kì í ṣe kábíyèsí, kì í ṣe ọnarébù, kí wọ́n bi í irú iná tó ní, ta ló máa tò ó, níbo ni wọ́n á ti rí tùùbù míì rà tí èyí bá jó. Tó bá sì ní mọṣíìnì tó wà nílẹ̀ ò bàjẹ́, pé invẹ́tà àtẹnì kan sí i tó lè ṣiṣẹ́ alẹ́ lòun fẹ́, ẹ fún un ní invẹ́tà àtẹnì kan sí i.