Ẹ Jẹ́ Kí Ọrùn Yẹn Mì

"Má jẹ́ kí ọrùn yẹn mì o!" Bí mọ́tò bá gbá mọ́tò ẹni lẹ́yìn ní Àkúrẹ́ yìí, ìmọ̀ràn tí èèyàn máa ń gbọ́ nìyẹn, lẹ́nu awakọ̀, lẹ́nu aládùúgbò, lẹ́nu ìyá ẹni pàápàá. Wọ́n á ra kọ́là, ìdè ọrùn tí kì í jẹ́ kó yí, wọ́n á fi dè é lọ́rùn. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí ìrora ò lọ, wọ́n á ní eegun kan ló yẹ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ bá ẹni tó mọ eegun í tò. Èrò méjèèjì yìí ń fìyà jẹ àwọn èèyàn wa lásán, ó sì ń dùn mí.

Ẹ wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ jókòó sínú kórópe lójú ọ̀nà Ọba Adésídà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá yín dúró, ni táásì kan bá kọ lù yín láti ẹ̀yìn. Àga ti ara yín síwájú, ṣùgbọ́n orí, tó wúwo tó kílò 4 sí 5, kò tètè tẹ̀ lé e. Ọrùn á fì sẹ́yìn, á tún fì síwájú, kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti parí. Àwọn iṣan ọrùn àti àwọn oríkèé kéékèèké tó so eegun ọrùn méjèèje pọ̀ ló máa ń jìyà rẹ̀. Whiplash ni àwọn dókítà ń pè é. Lọ́pọ̀ ìgbà, eegun kankan ò ṣẹ́, eegun kankan ò sì yẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí X-ray fi máa ń sọ pé kò sí nǹkan. Eegun ni X-ray ń wò, kì í fi iṣan tó fà hàn. Nítorí náà, ẹ má pe ẹni tí ọrùn ń dùn ní òpùrọ́ torí pé X-ray rẹ̀ mọ́. Ìrora rẹ̀ kì í ṣe àwàdà. Ẹ má sì jẹ́ kí ohun tí MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, bá rí já yín láyà ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n fi MRI wo ọrùn àwọn èèyàn 1,211 ní Japan, àwọn tí ara wọn le dáadáa, àbájáde rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2015: nínú 100 wọn, ó lé ní 87 tí tìmùtìmù àárín eegun ọrùn wọn ti wú síta.

Kí ló wá dé tí ìrora fi ń pẹ́? Iṣan tó fara pa máa ń jinná láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n ọpọlọ àti àwọn okùn ara tó ń gbé ìròyìn ìrora lè má tètè gbà pé ewu ti kọjá. Ajá tí olè ti dẹ́rù bà lóru rí, bí onílé gan-an bá ṣí géètì, á gbó mọ́ ọn. Bí ọrùn ṣe ń ṣe nìyẹn. Kọ́là ò lè tu ajá bẹ́ẹ̀ nínú. Tí ọrùn bá wà nínú kọ́là láti òwúrọ̀ di alẹ́, iṣan rẹ̀ á rọ, oríkèé rẹ̀ á gan, ẹ̀rù á sì máa pọ̀ sí i.

Àwọn dókítà náà ti fún èèyàn ní kọ́là fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1995, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan ní Quebec, ní Kánádà, yẹ ìwádìí tó wà nílẹ̀ wò, wọ́n ní kí èèyàn tètè padà sẹ́nu ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1998, ìwádìí kan ní Norway fi hàn pé àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣe bíi tàtẹ̀yìnwá sàn ju àwọn tí wọ́n fún ní kọ́là àti ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ lọ.

Mo mọ ìyá kan tó ń ta àǹkárá ní Ọjà Ọba. Bí oníbàárà bá pè é láti ẹ̀gbẹ́, á fọwọ́ di kọ́là mú, á dìde lórí àpótí, á wá yí gbogbo ara padà láti ìbàdí. Aṣọ tó wà lókè, ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló ń fi igi fà á wálẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń ṣe físíò, ìyẹn ìtọ́jú ara pẹ̀lú ìdárayá, fún un tú kọ́là náà, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wo èjìká òsì yín. Níbi tó bá ti fẹ́ dùn yẹn, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá padà." Màmá ní, "Ó ń dún kẹ́kẹ́ níbẹ̀, ọmọ mi." "Ó lè dún o, Mọ́mì. Kò já." Mo fẹ́ràn èsì yẹn gan-an.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ò le. Ẹ yí orí sọ́tùn-ún, ẹ yí i sósì, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ fa àgbọ̀n sẹ́yìn láìgbé orí sókè. Ẹ fa èjìká méjèèjì sẹ́yìn kí eegun ẹ̀yìn èjìká méjèèjì lè sún mọ́ra. Ẹ ṣe é ní ìgbà 5 sí 10, lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́, kí ẹ sì máa rìn. Tí ó bá dùn díẹ̀ tó sì rọlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò burú. Tó bá dùn títí di ọjọ́ kejì, ẹ dín in kù, ẹ má pa á tì. Ẹni tó ń ru ẹrù, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó fúyẹ́. Ẹ lè fi aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná jó o, ẹ lè fi òrí pa á, wọ́n ń tuni lára, àmọ́ wọn ò lè rọ́pò ìdárayá.

Ẹ má sì rò pé olówó nìkan ló lè rí ìtọ́jú. Ìwádìí kan ní Ọsirélíà, tó jáde lọ́dún 2014, fi àwọn 172 tí ọrùn ti ń dùn tipẹ́ dán an wò. Àwọn tó lọ ṣe ìdárayá lọ́dọ̀ físíò ní ìgbà 20 ò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju àwọn tó gba ìtọ́ni lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì ń bá físíò sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ. Òótọ́ ni pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní irú jàǹbá yìí ṣì máa ń ní ìrora díẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Ṣùgbọ́n èèyàn lè padà sọ́jà, kó wa mọ́tò, kó sì gbọ́mọ jó, bí ìrora náà ò tiẹ̀ tíì tán.

Èyí tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ni kí ẹnikẹ́ni já ọrùn yín gbàù. Ó lè fa iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ ya, kó sì di rọpárọsẹ̀. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, àmọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, ọ̀ràn dé. Diclofenac, oògùn ìrora tí ẹ ń rà ní kẹ́mísìtì lójoojúmọ́, náà lè dá egbò sí inú ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ibì kan wà tí "má jẹ́ kó mì" ti tọ̀nà: lójú títì, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí jàǹbá ńlá bá ṣẹlẹ̀, títí dókítà á fi yẹ ọrùn wò, pàápàá fún ẹni tó ti pé ọdún 65. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá ń kú, tí èèyàn ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí kò lè di ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ mú, tí ojú ń rí méjì-méjì, tàbí tí ahọ́n ń wúwo, ilé ìwòsàn ni ká gbà lọ lọ́jọ́ náà. Fún ìrora tó ti pẹ́, ẹ̀ka físíò wà ní ilé ìwòsàn UNIMED ní Àkúrẹ́, ó wà ní FMC Ọ̀wọ̀ náà. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́ yín ní ohun tí ẹ ó máa ṣe fúnra yín nílé.