Fóònù Mẹ́rìnlá Lọ sí New Orleans

Nínú fọ́ọ̀mù tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà kan níbí ní Houston fi tọrọ owó lọ́wọ́ iléèwé wọn, "ìrìnàjò ìmọ̀ àṣà" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èmi ni wọ́n gbé e fún kí n bá wọn yẹ gírámà rẹ̀ wò. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tọ ipasẹ̀ àwọn baba ńlá wa dé New Orleans, kí àwọn fojú ara àwọn rí bí ìlù, oúnjẹ àti ìsìn ilẹ̀ adúláwọ̀ ṣe ta gbòǹgbò ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo ní, áà, orí àwọn ọmọ yìí ti pé. N kò mọ̀ pé ìpàdé mẹ́ta ni wọ́n ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà, àti pé méjì nínú ẹ̀, ìjà àwọ̀ ṣáàtì ni.

Dúdú ló borí. Ẹ fi sọ́kàn, torí ṣúgà ń bọ̀ níwájú.

Ó ti di àrùn báyìí. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá tíì gbé bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú kan tó ń dún, kò tíì di ẹgbẹ́. Àwọn ọmọ Ghana ti lọ sí Miami, wọ́n ti gbé fọ́tò síta, ọmọ Nàìjíríà wo ló máa rí ìyẹn tí oorun á tún kùn ún? Wọ́n ń wá ẹni tó máa wa bọ́ọ̀sì ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25, àwọn tó ń yáni lọ́kọ̀ kò fẹ́ gbé irú rẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí, ẹni tó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 22. Èmi tí mo ti ń ka ìwé oyè ọ̀mọ̀wé láti ìgbà tí irun ṣì wà níwájú orí mi ni wọ́n sáré wá bá. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin la fi ṣe pátírọ́ọ̀nù wa o." Pátírọ́ọ̀nù, ìyẹn ni dírẹ́bà tí wọn kò ní sanwó fún. Ààrẹ ẹgbẹ́ tún gba nọ́ńbà mi, ó fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn, pé kí ọkàn wọn balẹ̀, àgbàlagbà kan wà pẹ̀lú àwọn.

Agogo mẹ́fà àárọ̀ Sátidé la dá. Agogo mẹ́sàn-án ti kọjá kí ẹni ìkẹrìnlá tó yọ, ó wọ́ àpótí méjì, ó gbé iná róbótó tí wọ́n fi ń ya fọ́tò há abíyá. Oru ọjọ́ kan péré la fẹ́ sùn. Mo bi í bóyá ó ń kó kúrò nílé ni. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, outfit mẹ́fà ni." Mo dákẹ́.

Láti Houston dé New Orleans tó nǹkan bí máìlì 350, títì kan ṣoṣo, I-10, ló gbé e dé ọ̀hún. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Baytown, tí ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná dáadáa, ni wọ́n ní kí n yà sí Buc-ee's. Ilé epo ni o. Òótọ́ ni pé ilé epo náà tóbi tó ọjà, ṣùgbọ́n ilé epo ni. Ère ẹranko eléyín gọngọ kan wà níwájú ẹ̀. Wọ́n gbá a mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbá a mọ́ra ní méjì-méjì, gbogbo wọn tún wá pagbo yí i ká bí ẹni pé òun ló ń ṣe ìgbéyàwó. Wákàtí kan lọ síbẹ̀. Nígbà tí a wá dé afárá Atchafalaya, tó gùn tó nǹkan bí máìlì 18, tó gba orí irà àti omi dúdú kọjá, tí àwọn igi ńláńlá dúró sínú omi bí àgbà tó ká agbádá sókè kó má baà tutù, mo lọgun pé kí wọ́n wo ojú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Mo wo wọn nínú dígí. Ẹni mẹ́tàlá ń sùn. Ẹni ìkẹrìnlá ń wo fọ́tò ẹranko eléyín gọngọ.

Ti ilé tí a wọ̀ sí, n kò ní sọ púpọ̀. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún yàrá kan. Mo gbé ìrọ̀rí mi, mo padà sínú bọ́ọ̀sì lọ sùn.

"Ó dà bíi Paris!" Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tí a wọ àdúgbò French Quarter. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó dé Paris rí. Àwọn Faransé ló tẹ New Orleans dó lóòótọ́, ní 1718, ṣùgbọ́n iná jó àdúgbò yìí ní 1788, ó tún jó o ní 1794, àwọn ará Spain ló sì wà lórí àlééfà lásìkò yẹn, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú ilé tí wọ́n tún kọ́ fi gba àwọ̀ Spain. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ gbọ́wọ́ lé mi léjìká jẹ́jẹ́, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, ẹ wà nínú fọ́tò."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé wọn níbẹ̀, irin ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n gbẹ́ ẹ bí ẹni pé lésì ni. Abẹ́ ọ̀kan ní Bourbon Street ni ọjọ́ wa kú sí. Ayàwòrán wa, ẹni tí kò ní iṣẹ́ méjì ju pé fóònù tirẹ̀ ló tuntun jù, ní kí olúkúlùkù máa rìn bọ̀ "bí ẹni pé ẹ ò mọ̀ pé mò ń yà yín." Wọ́n tò bí ẹni tó fẹ́ gba físà. Ọmọbìnrin kan rìn bọ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, mo kà á. Bó bá ti dé ìdajì, á ju irun sẹ́yìn, á bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó pa á lẹ́rìn-ín. Bàbá adúláwọ̀ kan tó ń fi rọ́bà omi fọ ojú ọ̀nà dúró, ó ká rọ́bà náà lọ́wọ́, ó dúró títí dé ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án ó bi mí bóyá olórin ni ọmọ náà. Mo ní ó ń ka ìmọ̀ ìṣirò owó.

Wọ́n fàyè gba kéèyàn máa gbé ọtí rìn láàárín ìgboro níbẹ̀, bó bá ṣáà ti wà nínú ike, tí kì í ṣe ìgò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 kò gbọdọ̀ mu ún, ìyẹn sì jẹ́ mẹ́sàn-án nínú wọn. Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rù. Omi dídùn aláwọ̀ pupa ni wọ́n rà, wọ́n bu ú sínú ike gígùn, wọ́n wá fara tì ògiri bí ọ̀mùtí. Ọmọ tí kò fẹnu kan ọtí rí, ó jókòó sílẹ̀, ó ń fi omi ṣúgà ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ fún fóònù.

Oúnjẹ wá dé. Café du Monde ti ń ta beignet láti 1862, ìlà tó wà níwájú ẹ̀ lọ́jọ́ náà sì gùn bí ẹni pé láti 1862 ni wọ́n ti tò ó. A yà sí ìsọ̀ mìíràn. Mo ti búra fún ara mi pé n kò ní sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: pọ́fù-pọ́fù ni. Wọ́n gé e ní onígun mẹ́rin, wọ́n din ín, wọ́n wá da ṣúgà lẹ́búlẹ́bú bò ó bí ìgbà tí ọyẹ́ bá bo orí òrùlé. Dọ́là mẹ́rin fún mẹ́ta. Ààrẹ gbé tiẹ̀ sókè ẹnu, ó ní kí wọ́n ya òun, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fa ṣúgà sí i nímú. Ó húkọ́. Ó tún wá fọ́n gbogbo èyí tó kù sára ẹni méjì tó jókòó lápá ọ̀tún. Ṣáàtì dúdú mẹ́ta di ti alápatà ìyẹ̀fun. Wọ́n ní kí wọ́n tún ya fọ́tò náà, torí èyí tó jáde "kò bá ìmọ́lẹ̀ mu."

Ààrẹ yìí kan náà, ọmọ Ìbàdàn tí kì í jẹ ọbẹ̀ ilá, tó máa ń sọ pé ó ń yọ̀ jù, ló paṣẹ gumbo lálẹ́ ọjọ́ náà. Orúkọ gumbo gan-an, láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Áàríngbùngbùn Áfíríkà ń pe ilá ló ti wá. Ilá wà nínú ẹ̀, mo rí i, ó ń wò mí. Ààrẹ fi búrẹ́dì nu ìdí àwo.

Ṣùgbọ́n ìsọ̀ voodoo ni mo ti mọ̀ pé ayé ti bàjẹ́. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe àṣálẹ́ àṣà, Ààrẹ ló dìde pé kí wọ́n yọ eégún kúrò nínú ètò, torí ìbọ̀rìṣà ni, òun kò sì lè fi ẹ̀mí òun tàfàlà. Vodun, ìsìn tí voodoo ti wá, ọ̀rọ̀ àwọn Fọ̀n ni, àwọn ará Dahomey tó bá àwọn èèyàn wa ní Kétu pààlà. Wọ́n kó àwọn tó mọ̀ ọ́n lẹ́rú kọjá òkun, wọ́n ń sìn ín lábẹ́lẹ̀ níhìn-ín. Èyí tó wà nínú ìsọ̀ yìí kò mọ ohunkóhun nípa ìyẹn. Ọmọláńgidi onírun òwú ni, tí wọ́n so bébà ìdíyelé mọ́ lẹ́sẹ̀. Ààrẹ ra méjì. Ó gbé ọ̀kan síwájú orí, ó di ojú, ó la ẹnu bí ẹni tí nǹkan gùn. Status ni ó gbé e sí lójú ẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, orí wa ṣe rere, a ṣe kòńgẹ́ second line. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n: onífèrè àti onílù àti ẹgbẹ́ tó ni òde ló máa ń ṣíwájú, ẹnikẹ́ni tó bá wù ló ń jó tẹ̀lé wọn, àwọn atẹ̀lé yẹn sì ni "ìlà kejì." Láti ibi ìsìnkú ni àṣà náà ti wá. Bí wọ́n bá ń gbé òkú lọ, orin ọ̀fọ̀ ni. Bí wọ́n bá sin ín tán, fèrè á yí padà, ijó á dé. Àwọn ẹgbẹ́ ìrànwọ́ ni wọ́n ń gbé e ró, ẹgbẹ́ tí àwọn adúláwọ̀ dá sílẹ̀ láti máa dá owó jọ, kí ọmọ ẹgbẹ́ má baà kú kó má rí pósí. Wọ́n ń san owó ẹgbẹ́, ẹ gbọ́ mi? Wọ́n ń san án. Akápò tiwa, tó ti ń wá owó epo lọ́wọ́ ẹni mẹ́sàn-án láti Baytown, wo àwọn àgbàlagbà inú aṣọ àrán yẹn bí ẹni rí áńgẹ́lì.

Kí n má parọ́, níbẹ̀ ni wọ́n ti gbàgbé fóònù. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìlù náà kọlù wọ́n lẹ́sẹ̀, kò béèrè lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tí wọ́n bí sí Texas, tí kò lè kí mi "ẹ káàárọ̀" láìṣe àṣìṣe, bẹ̀rẹ̀ sórí ìbàdí bí ẹni tí ìyá àgbà rẹ̀ kọ́. Ọ̀kan nínú wọn wá yọ dọ́là, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ onífèrè trombone níwájú orí. Onífèrè náà la ojú, kò dá fífọn dúró, owó ń jó níwájú orí ẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ̀ẹ̀kejì. Ó lẹ̀ ẹ̀kẹta. Mo gbọ́ tí Akápò ké lẹ́yìn mi, igbe tó dún ju fèrè lọ: "Owó epo nìyẹn!"

Mo fẹ́ kí a gba Lower Ninth Ward kọjá, níbi tí omi ti wọlé pa àwọn èèyàn nígbà tí odi omi ya lásìkò ìjì Katrina ní 2005. Wọ́n bi mí bóyá ògiri aláwòrán wà níbẹ̀. Mo ní pápá òfìfo ló pọ̀, àti àtẹ̀gùn iwájú ilé tí kò ní ilé lẹ́yìn mọ́. Wọ́n ní àkókò ti lọ.

Congo Square, tó wà nínú fọ́ọ̀mù, tó jẹ́ pé òun ni iléèwé tìtorí ẹ̀ sanwó, ìṣẹ́jú mẹ́fà la lò níbẹ̀, torí ó wà lọ́nà ibi tí mo gbé bọ́ọ̀sì sí. Ní 1817 ni ìlú ṣe òfin pé ibì kan ṣoṣo ni kí àwọn ẹrú ti máa pàdé jó lọ́jọ́ Àìkú, ibẹ̀ sì ni. Abẹ́ igi óákù ńlá ni. Mo dúró, mo ń fetí sílẹ̀ fún ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn mi, wọ́n ń pín ẹni tó máa jókòó níwájú. Fọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n yà fún ìjábọ̀ iléèwé. Ìpàkọ́ mi ló wà nínú ẹ̀.

Agogo kan òru, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dùbúlẹ̀ nílé mi ní Houston, fóònù dún. Ìyá Ààrẹ ni, láti Ìbàdàn.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ wa. Kí ni ọmọ mi ń fi ère ṣe níwájú orí?"

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọláńgidi lásán ni. Wọ́n ń tà á fún àlejò ni."

"Ó tún wá rà á!" Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ọbẹ̀ tó ń fi búrẹ́dì nu yẹn ńkọ́?"

"Gumbo ni wọ́n ń pè é, mà."

"Ilá ni. Mo rí i. Pọ́fù-pọ́fù yẹn, èló ni?"

"Dọ́là mẹ́rin, mà."

"Mélòó?"

"Mẹ́ta."

Wọn kò dá mi lóhùn. Ohun tí mo gbọ́ ni sálúbàtà wọn tó ń lọ sí yàrá mìíràn, àti ohùn wọn lókèèrè: "Dádì! Dádì, ẹ dìde, ẹ wá gbọ́ o!"