Orúkọ òwò kì í ṣe kọ́ńpìnnì: àtúnṣe lórí oyè inú CV

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpìnnì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, lè kọ "Managing Director" sínú CV rẹ̀ nígbà tó bá ń wáṣẹ́. Mo gbà pé ire àwọn oníṣòwò kéékèèké ni ẹni tó kọ ọ́ ń wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í yà sọ́tọ̀ ni pé orúkọ òwò yàtọ̀ sí kọ́ńpìnnì. Lábẹ́ CAMA ti ọdún 2020, ìyẹn òfin tó ń darí ọ̀ràn kọ́ńpìnnì àti orúkọ òwò, kọ́ńpìnnì ló ń ní dáírẹ́kítọ̀, kódà bí ẹnì kan ṣoṣo bá dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi orúkọ òwò lásán ṣòwò, òun àti òwò náà kò yàtọ̀ lójú òfin, proprietor, ìyẹn ẹni tó ni òwò, sì ni à ń pè é.

Ẹ wo ìwé-ẹ̀rí yín: BN ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà orúkọ òwò, RC ló máa ń ṣáájú ti kọ́ńpìnnì. Agbanisíṣẹ́ náà lè wá orúkọ òwò yín lórí ìkànnì CAC, kó sì rí èyí tí tiyín jẹ́ nínú méjèèjì.

Aránṣọ tó ní ẹ̀rọ méjì àti ọmọṣẹ́ kan lè kọ "Owner and Tailor" láìtijú. Lábẹ́ rẹ̀ ni kó ti kọ iṣẹ́ gan-an: pé òun ló ń wọn oníbàárà, tó ń ra òwú àti bọ́tìnnì, tó ń ṣe ìṣirò owó, tó sì ń kọ́ ọmọṣẹ́ náà. Lójú tèmi, àwọn ìlà wọ̀nyẹn ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ kọ jù lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni agbanisíṣẹ́ ti ń mọ ohun tí ọwọ́ yín lè ṣe.