Ẹ fi Venus Williams lọ́rùn sílẹ̀

Nígbàkigbà tí Venus Williams bá tún fẹsẹ̀ kan pápá tẹ́níìsì, ẹ ó rí àwọn kan tí wọ́n á máa béèrè pé kí ló tún ń wá. Wọ́n á ní ó ti dàgbà, wọ́n á ní àsìkò rẹ̀ ti kọjá, wọ́n á ní ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo fẹ́ sọ èrò ọkàn mi, ẹni tó bá sì máa bínú kó bínú.

Ọdún 1994 ni obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹ́níìsì jẹun, nílùú Oakland ní California. Ọmọ ọdún 14 ni. Ó na ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé kò ó, wọ́n wá gbé Arantxa Sánchez Vicario fún un, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá pátápátá láyé nígbà yẹn. Venus gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ (ẹni tó bá kọ́kọ́ gba sẹ́ẹ̀tì méjì ló ń borí), ó tún ti ń síwájú nínú ìkejì kí ọ̀gá náà tó jí gìrì, tó sì nà án. Ọdún 31 lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù keje ọdún 2025, Venus tún jáde nílùú Washington. Ó ti pé ọmọ ọdún 45, ó sì ti lé lọ́dún kan tó ti gbá ìdíje kankan kẹ́yìn. Ó na Peyton Stearns 6-3, 6-4. Nígbà tí wọ́n fi máa bí Stearns yìí, Venus ti gba Wimbledon lẹ́ẹ̀mejì àti US Open lẹ́ẹ̀mejì, méjì lára ìdíje mẹ́rin tó tóbi jù nínú tẹ́níìsì, tí wọ́n ń pè ní Grand Slam. Martina Navratilova nìkan ló tíì dàgbà jù ú lọ kó tó borí nínú ìdíje ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan àwọn obìnrin, ọmọ ọdún 47 lòun nígbà tirẹ̀ ní 2004.

Lẹ́yìn ayò náà, ó fi ẹ̀fẹ̀ sọ lórí pápá pé adójútòfò ìlera ló lé òun padà wá, nítorí pé gbogbo ìgbà lòun ń lọ rí dókítà. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín yẹn kò dé ikùn. Ẹni tó bá mọ ohun tí ara obìnrin yìí ti fojú rí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi wà lábẹ́ ẹ̀fẹ̀ náà.

Ní 2011, ó yọwọ́ nínú US Open lẹ́yìn ayò kan péré, ó sì ṣàlàyé pé àìsàn Sjögren ló ń ṣe òun. Àwọn èròjà ara tó yẹ kó máa bá àìsàn jà ló yí padà tó ń bá ara jà. Ojú á gbẹ, ẹnu á gbẹ, oríkèé á máa ro èèyàn. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni àárẹ̀, irú àárẹ̀ tí oorun kì í wò. Iṣẹ́ sísá kiri lábẹ́ oòrùn fún wákàtí méjì sì ni iṣẹ́ tirẹ̀! Ó já kúrò láàárín ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ láyé. Ó yí oúnjẹ rẹ̀ padà, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi agbára díẹ̀ ṣe ohun púpọ̀, nígbà tó sì di 2015 ó ti padà sáàárín mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ní 2017, lẹ́ni ọdún 36 àti 37, ó dé àṣekágbá Australian Open, ó dé àṣekágbá Wimbledon, ìwọ̀nba pọ́ńtì díẹ̀ ló sì dí i lọ́wọ́ láti dé ti US Open. Kò gba ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n yan ọdún kan tí mo gbádùn jù nínú gbogbo ìrìn rẹ̀, ọdún yẹn ni màá yàn, mi ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ìju náà tún wà níbẹ̀ o, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní fibroid. Ó fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ síta ní 2025 pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀jẹ̀ fi ń dà lára òun ju bó ṣe yẹ lọ, tí inú ń run òun débi pé òun dùbúlẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá ìmúra ní Wimbledon, nígbà tí òun àti Serena àbúrò òun fẹ́ lọ gbá àṣekágbá àwọn eléèyàn méjì. Àwọn dókítà tó rí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ọdún 2024 ló tó rí ẹni tó ṣiṣẹ́ abẹ gidi fún un. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń ka èyí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹni tí wọ́n ń lé lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó tún nìyí, òun gan-an ló mú mi kọ gbogbo èyí. Ní 2005, ọkùnrin tó gba Wimbledon gba 630,000 pọ́n-ùn, obìnrin tó gbà á gba 600,000. Ẹnì kan lè ní kí ni 30,000 fẹ́ ṣe fún olówó. Ẹ gbọ́ ná: àwọn tó ń pín owó yẹn kò ṣàìní 30,000. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín in kù ni, kí àlàfo lè wà níbẹ̀. US Open ti ń san iye kan náà fún tọkùnrin tobìnrin láti 1973, lẹ́yìn tí Billie Jean King, obìnrin agbátẹ́níìsì ọmọ Amẹ́ríkà, jà fún un. Australia náà ti gbà ní 2001. Ó ku French Open ti Paris àti Wimbledon.

Ó ku ọ̀la tí Venus máa gbá àṣekágbá Wimbledon ọdún 2005 yẹn. Ẹlòmíì á wà ní yàrá, á gbé ẹsẹ̀ sókè. Ìpàdé àwọn aláṣẹ Grand Slam ló wọ̀ lọ. Ó ní kí gbogbo wọn dijú, kí ẹnikẹ́ni má là á. Ó wá ní kí wọ́n fojú inú rí ara wọn bí ọmọdébìnrin tó ń ṣiṣẹ́ àṣelàágùn, tó ń lá àlá ńlá, tí ẹnì kan wá dá dúró lójú ọ̀nà pé ibi tí tìẹ mọ nìyí, torí pé obìnrin ni ẹ́. Wọn ò gbà lọ́jọ́ náà. Ó lọ sùn, ó jí lọ́jọ́ kejì, ó sì lọ bá Lindsay Davenport fà á fún wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 45. Pọ́ńtì kan ṣoṣo ló kù kí Davenport gba ife lọ nínú sẹ́ẹ̀tì kẹta. Venus já a gbà, ó sì borí 4-6, 7-6, 9-7.

Ní 2006 ó tún gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sínú ìwé ìròyìn The Times ti London. Tony Blair tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà gbè é lẹ́yìn. Ní oṣù kejì ọdún 2007, Wimbledon gbà, Paris náà sì tẹ̀ lé e. Ta ló wá gba ife àwọn obìnrin ní Wimbledon ọdún yẹn? Venus kan náà ni, ẹni tí wọ́n tò sí ipò 23. 700,000 pọ́n-ùn ni wọ́n kà fún un, 700,000 ni wọ́n kà fún Roger Federer. Ọlọ́run náà mọ bó ṣe ń ṣe nǹkan rẹ̀.

Kí n tiẹ̀ fi èyí kún un: Australian Open 1999, ìlẹ̀kẹ̀ tó so mọ́ irun rẹ̀ já, ó fọ́n ká sórí pápá. Rẹfirí ní ó ń dí ẹni kejì lọ́wọ́, ó yọ pọ́ńtì kan lára tirẹ̀. Ọmọ ọdún 18. Ó bá rẹfirí jiyàn títí, kò gbọ́. Lónìí, ọmọdébìnrin tó fi irun dídì gbá tẹ́níìsì kì í ṣe ohun ìran fún ẹnikẹ́ni.

Mo mọ èsì tí àwọn kan máa fọ̀: àyè ọ̀fẹ́ tí àwọn tó ń ṣètò ìdíje ń fún un, wáìdì káàdì yẹn, ọmọdé kan ló yẹ kó gbà á. Àríyànjiyàn yìí nìkan ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, mi ò sì ní díbọ́n pé kò dùn ọmọdé tí àyè náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ torí kí èrò lè wá ni wọ́n ṣe ń fún un, owó tí èrò yẹn ń mú wá sì wà lára ohun tí gbogbo wọn ń pín jẹ. Kì í sì í ṣe pé ó kàn wá jókòó síbẹ̀. Ní US Open 2025, òun àti Leylah Fernandez gbá ìdíje eléèyàn méjì dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn.

Ní US Open yẹn kan náà, Karolina Muchova nà án níbi ìdíje ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ní ayò àkọ́kọ́. Ìyẹn dáa. Rákẹ́ẹ̀tì ló fi lé e jáde, kì í ṣe ẹnu, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta gbáko ló sì gbà á kó tó rí i ṣe.