Irọ́ ni pé bí idà kò bá jáde, eré ti kú

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Àwa márùn-ún la máa ń yí tábìlì ká ní Kábà níbí, a ó máa fi dáìsì olójú ogún ṣe eré ìtàn àfẹnusọ kan, níbi tí olúkúlùkù ti ń jẹ́ ẹnì kan nínú ìtàn tí èmi sì ń darí rẹ̀: Dungeons & Dragons. Tí ọ̀rọ̀ bá ti gùn díẹ̀ báyìí láìsí ìjà, ọ̀kan nínú wa á fa fóònù yọ: "Ìgbà wo la máa jà gan-an?" Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé ìjà ni eré yìí wà fún, pé ìyókù kàn ń fi àkókò ṣòfò ni.

Lóòótọ́, inú eré ogun ni Gary Gygax àti Dave Arneson ti yọ ọ́ jáde ní 1974. Ṣùgbọ́n ẹ wo òfin ìgbà náà: wúrà tí ẹni tó ń ṣeré bá gbé délé náà ń gbé ipò rẹ̀ ga, kì í ṣe pípa ẹ̀dá abàmì nìkan. Bí ẹ bá sì ṣe kòńgẹ́ irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀, dáìsì méjì olójú mẹ́fà lè sọ pé kò tilẹ̀ bínú sí yín. Ọlọ́gbọ́n á dúnàá-dúrà, á rọra yọ́ kọjá.

Ìjà ń dùn nítorí pé èèyàn lè kú níbẹ̀. Tó bá wá kan ọ̀rọ̀ sísọ, àwa tí à ń darí ìtàn a wá ní: "Ẹ wọ ìlú, ẹ kí ọba, ọba dá yín lóhùn." Ta ni kò ní tòògbé?

Mo wá gbé ìtàn wá sílé, sí ayé ìgbà tí àwọn Tápà ti Bídà ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìlú Ọ̀kun, tí èèyàn sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbà. Ṣáájú 1897 tí ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ Kábà kí wọ́n tó kọlu Bídà. Mo ní ìránṣẹ́ Bídà ti dé ẹnu bodè, èèyàn mẹ́ta ló ń bèèrè kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀ ń ba òun náà. Àgbà ìlú kan sì fẹ́ fi ọmọ ọ̀tá rẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ àbúrò ẹlẹ́fóònù wa nínú eré ni ọmọ ọ̀hún.

Mo to wóró ẹ̀wà mẹ́fà sílẹ̀. Tí wọ́n bá jiyàn láìpinnu, mo á mú ọ̀kan kúrò; bí ẹ̀wà bá tán, ilẹ̀ ti ṣú nìyẹn.

Dáìsì ńkọ́? Tí kò bá ní yí nǹkan kan padà, ẹ má jù ú. Tí ẹ̀bẹ̀ bá sì kùnà, mi ò ní sọ pé "ó kọ̀, ẹ tún bẹ̀ ẹ́". Èèyàn mẹ́ta á di mẹ́rin. (Ẹ má sì dá ẹni tó ní ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohùn yí bí òṣèré lóhùn. "Mò ń rán an létí oore tí bàbá mi ṣe é" ti tó.)

Ẹ̀wà ku ẹyọ kan nígbà tí a túká. Ní òru, ẹlẹ́fóònù wa fi WhatsApp ránṣẹ́ sí mi: ṣé ìránṣẹ́ yẹn lè gba aṣọ tí àwọn obìnrin wa hun dípò ọmọ náà?