“Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ẹni-òróró mi”: ta ni Ọlọ́run ń bá wí?

Jẹ́ kí ọmọ ìjọ kan dìde nínú ìpàdé, kó ní òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ná owó ilé ìjọsìn tuntun, tàbí kó ní ìwàásù ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò bá Bíbélì mu. Ọ̀rọ̀ ò ní tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí alàgbà kan á fi dá a lóhùn pé, “Arákùnrin, ẹ rọra o. Ẹni-òróró Ọlọ́run lẹ fẹ́ fẹnu kàn yẹn.” Kẹ́kẹ́ á pa mọ́ àtíòro lẹ́nu. Wọ́n á kọrin, wọ́n á ṣe oore-ọ̀fẹ́, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ.

Sáàmù 105 ẹsẹ 15 ni wọ́n dì mú: “Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ẹni-òróró mi, kí ẹ má sì ṣe wòlíì mi ní ibi.” Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà ni pé kò sí ẹ̀dá tó gbọ́dọ̀ ṣí Bíbélì bá pásítọ̀ tàbí wòlíì wí, pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni yóò bá a wí tó bá yá. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú Sáàmù náà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ẹsẹ 9. Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù ni ó ń ròyìn, nígbà tí wọ́n kéré níye, tí wọ́n jẹ́ àlejò lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí wọ́n ń ti ọ̀dọ̀ orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn. Ẹsẹ 14 ní Ọlọ́run bá àwọn ọba wí nítorí wọn. Àwọn ọba yẹn ni ẹsẹ 15 ń kìlọ̀ fún, àwọn tó lè pa àlejò kí wọ́n sì gba aya rẹ̀ láìsí ẹni tó máa bi wọ́n. Inú àgọ́ ni ẹni-òróró tí ibẹ̀ ń wí ń gbé, kò sì ní ilẹ̀ tó lè pè ní tirẹ̀.

Ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ wà nínú Jẹ́nẹ́sísì 20. Ábúráhámù dé Gérárì, ẹ̀rù bà á, ó ní àbúrò òun ni Sárà. Ábímélékì ọba bá ránṣẹ́ mú obìnrin náà. Lóru, Ọlọ́run yọ sí ọba lójú àlá: òkú ni ọ́ nítorí obìnrin tí o mú, ìyàwó oníyàwó ni. Ó ní òun lòun ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án, kó dá a padà, torí wòlíì ni ọkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Bíbélì ti kọ́kọ́ pe ènìyàn ní wòlíì.

Ilẹ̀ mọ́. Ábímélékì pe wòlíì tí Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ kìlọ̀ fún un nípa rẹ̀ lóru, ó sì bá a wí lójúkojú: kí lo ṣe sí wa yìí? Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́ tí o fi fẹ́ mú ẹ̀ṣẹ̀ ńlá wá sórí èmi àti ìjọba mi? Ohun tí kò yẹ kí ènìyàn ṣe lo ṣe sí mi. Kèfèrí ló ń bá wòlíì wí o! Ọlọ́run ò bínú sí i. Ábúráhámù ò gbé e ṣépè. Ó wí àwíjàre (tí kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ká sòótọ́), ọba fún un ní àgùntàn, màlúù àti 1,000 owó fàdákà, Ábúráhámù gbàdúrà, Ọlọ́run sì wo ọba àti agbo ilé rẹ̀ sàn. Nínú ìtàn tí wọ́n ti fa “ẹ má sọ̀rọ̀” yọ gan-an ni ẹni-òróró ti jẹ ìbáwí.

Wọ́n á ní Dáfídì ńkọ́? Òótọ́ ni, ó kọ̀ láti na ọwọ́ sí Sọ́ọ̀lù ọba, ẹni-òróró Olúwa, nínú ihò àpáta ní Ẹ́ńgédì. Ṣùgbọ́n pípa ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní kó pa á. Idà ni Dáfídì kọ̀. Bí Sọ́ọ̀lù ṣe jáde, ó tẹ̀lé e, ó ké sí i, ó dojú bolẹ̀, ó pè é ní baba, ó wá bi í pé kí ló dé tó ń gbọ́ ti àwọn tó ń sọ pé Dáfídì ń wá ibi rẹ̀. Ó na etí aṣọ ọba tó gé sókè. Ó ní kí Olúwa ṣe ìdájọ́ láàárín àwọn méjèèjì. Sọ́ọ̀lù bú sẹ́kún. Ẹni tó bá ní àṣà ìbọ̀wọ̀ fágbà wa ni kò jẹ́ ká lè sọ̀rọ̀, kó lọ ka 1 Sámúẹ́lì 24: ẹni tó wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ ló tún sọ òtítọ́.

Nígbà tí Dáfídì náà wá gorí oyè, tó gba ìyàwó Ùráyà tó sì pa ọkọ, Ọlọ́run ló rán wòlíì Nátánì sí i. Nátánì pa ìtàn fún un: tálákà kan ní abo ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo, ó ń jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀, ó ń mu nínú ife rẹ̀, àyà rẹ̀ ló ń sùn sí bí ọmọ. Olówó tí agbo tirẹ̀ kún wá mú ẹyọ kan yẹn pa fún àlejò. Ọba bínú, ó ní onítọ̀hún yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Nátánì ní, “Ìwọ ni ọkùnrin náà.” Dáfídì ò bi í pé ta ló rán ọ. Ó ní òun ti ṣẹ̀ sí Olúwa.

Ọba Ùsíà ní tiẹ̀ kọ ìbáwí. Ó gbé àwo tùràrí wọ tẹ́ńpìlì, iṣẹ́ àlùfáà ló fẹ́ ṣe. Ásáríà àti 80 àlùfáà wọlé tẹ̀lé e, wọ́n ní kì í ṣe tìrẹ, jáde. Ibi tó ti ń bínú sí wọn, àwo lọ́wọ́, ni ẹ̀tẹ̀ ti yọ níwájú orí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n da òróró lé lórí ni ẹ̀tẹ̀ mú. Nǹkan kan ò ṣe àwọn tó bá a wí.

Ẹ̀tẹ̀ tó mú Míríámù ẹ̀gbọ́n Mósè ni wọ́n máa ń fi dẹ́rù bani, pẹ̀lú ìtàn Kórà tí ilẹ̀ gbé mì. Ipò ni àwọn yẹn ń bá Mósè dù: ṣé òun nìkan ni Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀ ni? Wọn ò mú òfin Ọlọ́run kankan tó rú wá. Mósè yìí kan náà, Jétírò bàbá ìyàwó rẹ̀ sọ fún un nínú Ẹ́kísódù 18 pé ohun tí ò ń ṣe yìí kò dára, ó sì ṣe gbogbo ohun tí bàbá náà wí.

Àwọn àpọ́sítélì ńkọ́? Pọ́ọ̀lù takò Pétérù ní Áńtíókù níṣojú gbogbo ènìyàn, torí ó fà sẹ́yìn kúrò nídìí oúnjẹ àwọn Kèfèrí nígbà tí àwọn tó wá láti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù, aṣáájú ìjọ Jerúsálẹ́mù, dé. Ìwé kejì Pétérù ṣì pe Pọ́ọ̀lù ní arákùnrin wa olùfẹ́. Ní Éfésù, Àpólò mọ Ìwé Mímọ́, ó sì lẹ́nu, síbẹ̀ tọkọtaya tó ń pàgọ́ tà, Àkúílà àti Pírísílà, ló mú un sọ́dọ̀ tí wọ́n tún ọ̀nà Ọlọ́run là yé e. Kò tìtorí pé obìnrin wà níbẹ̀ kọ̀.

Mi ò gbè sẹ́yìn ẹni tó ń jókòó sórí Facebook bú pásítọ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Èébú kì í ṣe ìbáwí. 1 Tímótì 5 ní ká má ṣe jágbe mọ́ àgbàlagbà, ká máa gbà á níyànjú bíi baba, ká má sì gba ẹ̀sùn kan alàgbà bí kò bá sí ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta. Ẹsẹ 19 nìyẹn, a máa ń gbọ́ ọ dáadáa. Ẹsẹ 20 tó tẹ̀ lé e ní àwọn tó bá ṣẹ̀, kí a bá wọn wí níwájú gbogbo ènìyàn, kí ẹ̀rù lè ba àwọn yòókù.